Bí mo ṣe kó dọ́là 300 jọ lábẹ́ agbòòrùn POS

Tí ẹ bá fi rísíìtì POS síbi tí oòrùn ti ń pa á fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sára rẹ̀ á ṣá. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fi báírò kọ sẹ́yìn ìwé kan náà kì í lọ. Mo ṣì ní àpò ọ̀rá kan nílé tó kún fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iwájú wọn ti funfun báláú. Ẹ ò lè mọ ẹni tó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún mọ́, ẹ ò lè mọ ẹni tó fi ogún ẹgbẹ̀rún ránṣẹ́ sọ́mọ. Ẹ̀yìn wọn ló kún fún 64, 128, 192, 255.255.255.192, àti àwọn ibi tí mo ti fi ìbínú fa ìlà gbọọrọ sórí ìṣirò tó kọ̀ tí kò jáde.

Ọ̀jọ́ọ̀ níbí, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń ṣe POS. Agbòòrùn kan, tábìlì kan, àga oníke méjì, ẹ̀rọ méjì. Mo gba OND nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 2016, ìwé náà sì wà nínú àpótí Màámi, òun àti ìwé ilẹ̀ bàbá wa ni wọ́n jọ ń sùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dá mi padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ní ìparí 2022, bàbá kan wá gbowó, ẹ̀rọ yí títí, kò já. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì." Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ nìyẹn. Bàbá náà wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an tí kò sí?"

Kò bú mi o. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo la ẹnu, n ò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo jókòó sí póli fún ọdún méjì gbáko!

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá CCNA kiri nìyẹn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìdánwò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ti ilé iṣẹ́ Cisco tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nọ́ńbà rẹ̀ ni 200-301, láti oṣù kejì 2020 ni wọ́n sì ti ń ṣe é lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Ìjókòó kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú 120. Wọn ò ní bi yín bóyá ẹ ní digrí, wọn ò ní bi yín bóyá ẹ ti ṣe ìdánwò mìíràn rí. Ẹ ṣáà ti mú dọ́là 300 wá.

Dọ́là 300 yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí léèrè báyìí, ìwé wo ni kí àwọn rà, ẹ̀kọ́ wo ni kí àwọn sanwó fún, ni wọ́n ń bi mí. Ìwé ò wọ́n mi. Ẹ̀kọ́ ò wọ́n mi. Owó tí mo fi ń tọ́jú owó ló wọ́n mi.

Ní oṣù kìíní 2023, nǹkan bíi 750 náírà ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń ta dọ́là kan. Ọ̀nà 300 níbẹ̀ jẹ́ 225,000. Ọ̀dọ̀ wọn náà lèèyàn bí èmi gbọ́dọ̀ lọ, torí pé ní 2022 ni àwọn báńkì ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ní kò sí mọ́ rárá. Mo ṣe ìṣirò mi. Alájọ wa máa ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó máa kọ 500 fún mi lójoojúmọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́, 15,000. Alájọ á yọ 500 tirẹ̀, ó ku 14,500. Oṣù mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo kọ ọ́ sára ògiri, mo sì fi ìlà sí i nídìí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wàhálà pípààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun le, tí owó fi dọ̀wọ́n gógó láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta 2023. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn èèyàn ń tò síwájú báńkì láti aago márùn-ún ìdájí. Oníkálukú wa tó wà nídìí POS nígbà náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwa náà ń ra owó kí a tó tà á, ẹ̀gún ló wà nínú èrè ọ̀hún, ṣùgbọ́n èrè ni. Kí oṣù kẹta tó parí, mo ní 65,000 lọ́wọ́ tí n ò ní tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mo fi ra dọ́là ni, 87 ni ì bá fún mi. Kí ni mo fi rà? Irin!

Mo ti ń wo fọ́tò àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n to swíìṣì (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà inú ilé kan pọ̀) àti ráútà (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn) jọ bí àpótí ìsọ̀ alásọ, tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára wọn. Ó wọ̀ mí lójú. Mo ní ẹni tó bá máa di ẹni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ. Mo bá ẹnì kan tó ń ta tókunbọ̀, mo ra swíìṣì 2960 méjì, 20,000 ìkọ̀ọ̀kan, àti ráútà 1841 kan ní 25,000. Nígbà tí mo tan swíìṣì àkọ́kọ́, ariwo fáànù rẹ̀ mú kí ìyá tó wà ní yàrá kejì kan ògiri, ó bi mí bóyá mo ti ra ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà ni swíìṣì ọ̀hún béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Páásíwọ́ọ̀dù ti ẹni tó ti ní in rí, lórílẹ̀-èdè tí n ò mọ̀.

Mo jẹ́wọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jà á, mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ti swíìṣì, ẹ ó tẹ bọ́tìnì Mode mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń fi iná sí i, ẹ ó kọ flash_init, ẹ ó yí orúkọ fáìlì config.text padà sí nǹkan mìíràn, ẹ ó ní kó tan. Á jí bí ọmọ tuntun, kò ní rántí ẹnì kankan. Ti ráútà ni èmi fọwọ́ ara mi bàjẹ́. Mo fi confreg 0x2142 wọlé, èyí tó ń sọ fún un pé kó má wo ohun tó fi pamọ́ tó bá ń jí, mo sì gbàgbé láti dá a padà sí 0x2102. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tó bá padà dé, ráútà mi ti gbàgbé gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe. Mo ro pé ìrántí rẹ̀ ti kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Nọ́ńbà mẹ́rin péré! Títí dòní, bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka 0x2102 fún yín.

Síbẹ̀, n kò nílò irin wọ̀nyẹn. Packet Tracer, ètò orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn fi ń ṣe àfarawé ráútà àti swíìṣì, tó jẹ́ ti Cisco fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ ní Networking Academy wọn, ẹ ó gbà á sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tókunbọ̀ tí mo rà ní Queen Cinema láyé ìgbà tí mo ṣì wà ní póli, RAM 4GB ló ní, bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú ogójì lọ, ó sì gbé Packet Tracer láìmí hẹlẹ. Nínú rẹ̀, mo lè to ráútà mẹ́wàá, kò sí ẹni tó máa kan ògiri. Ohun tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí èèyàn ò lè fi Packet Tracer dán wò.

Ní ti ẹ̀kọ́, YouTube ni. Ẹ̀kọ́ Jeremy's IT Lab ni mo tẹ̀ lé, láti ọjọ́ kìíní dé ìparí, ó lé ní ọgọ́ta ọjọ́ bó ṣe pín in, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tirẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan tèmi. Òru ni mo ń gba fídíò sílẹ̀ nígbà tí dátà bá rọjú, mo sì ń gbà á ní 360p; lẹ́tà ojú ẹ̀rọ á ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Tó bá di ọ̀sán, tí oníbàárà ò bá sí, mo ti fi nǹkan sí etí kan. Etí kan ṣoṣo. Etí kejì ti àwọn oníbàárà ni. Anki tí mo fi ń rántí nǹkan, ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Àwọn oní-iPhone ló ń sanwó rẹ̀, Ọlọ́run ló yọ mí.

Subnetting, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá kan sí kéékèèké, ló mú mi jù, mo sì mọ̀ pé òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Oṣù méjì ni mo fi ń ka bit, àwọn 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, tí n kò lóye ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tó yé mi, agboolé tí wọ́n bí mi sí ni mo wò.

Ẹ jẹ́ ká ní agboolé kan ní ojúlé 256, tí a kà láti 0 dé 255. Bí ẹnì kan bá pariwo níbẹ̀ pé ta ló rí ewúrẹ́ òun, gbogbo ojúlé ló máa jí. Baálé wá ní kí wọ́n pín in sí mẹ́rin, kí oníkálukú lè sùn. 256 sọ́nà mẹ́rin, 64. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 63, ìkejì láti 64 dé 127, ìkẹta láti 128 dé 191, ìkẹrin láti 192 dé 255. Ojúlé ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà; ohun tí /26, àmì tó ń sọ bí ìpín kan ṣe tóbi tó, ń wí kò jù báyẹn lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìkọ̀ọ̀kan, ojúlé méjì wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé. Èyí àkọ́kọ́, orúkọ agboolé fúnra rẹ̀ ni. Kò sí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn orúkọ. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti akéde. Ohun tí ẹ bá rán lọ síbẹ̀, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Nítorí náà 64 yọ méjì, ẹni 62 ló lè gbé ibẹ̀. Bí ẹni tó wà ní agboolé kìíní bá sì fẹ́ rí ẹni tó wà ní ìkẹta, kò gbọ́dọ̀ fo ògiri. Ẹnu ọ̀nà ló máa gbà. Ráútà ni ẹnu ọ̀nà.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí pé mo gbà pé bí n kò bá lè sọ ọ́ fún wọn kó yé wọn, kò tíì yé èmi náà. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n da iṣu kan délẹ̀, wọ́n ní, "Tí ẹnu ọ̀nà ọ̀hún bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé gbogbo ilé á jókòó sílé ni?" Ẹ̀rín pa mí. Ìbéèrè wọn wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́! Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ronú kàn án: ẹ̀ ń fi ráútà méjì ṣe ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jọ máa jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á gba iṣẹ́ ṣe, ará ilé ò tiẹ̀ ní mọ̀. HSRP ni orúkọ ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo bá kọ́ ni mo ń gbé lọ bá ìyá oníṣu. Wọn kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rísíìtì di ìwé ìṣirò mi. Ogún ìbéèrè lójúmọ́, kí n tó ká agbòòrùn. Mo máa ń kọ àdírẹ́sì tó bá wá sí mi lọ́kàn sẹ́yìn ìwé, kí n wá ilé tó ti wá. 172.16.37.100/20: ìpín kẹta ń fò ní 16-16, 0, 16, 32, 48, 37 wà láàárín 32 àti 48, nítorí náà 172.16.32.0 ni ilé rẹ̀, 172.16.47.255 ni akéde. Lákọ̀ọ́kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tó yá, kí oníbàárà tó tẹ PIN rẹ̀ tán.

Ìlànà ìdánwò fúnra rẹ̀ wà lórí ìkànnì Cisco, ẹnikẹ́ni ló lè kà á láìsanwó, ó sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Ó sọ ìwọ̀n ìpín kọ̀ọ̀kan: bí ìsọfúnni ṣe ń rìn láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, OSPF (tí ráútà fi ń wá ọ̀nà fúnra wọn) àti àwọn ọ̀nà tí èèyàn fọwọ́ là, ló gba ìdá 25 nínú 100. Ìpìlẹ̀ gba 20, swíìṣì àti VLAN (pípín swíìṣì kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mélòó kan) gba 20, ààbò 15. DHCP (tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà), NAT (tó ń pààrọ̀ àdírẹ́sì inú ilé sí ti ìta) àti àwọn yòókù wọn gba 10 péré, ìṣàkóso aládàáṣe náà gba 10. Mo pín àkókò mi bẹ́ẹ̀. Mo fi ti aládàáṣe sílẹ̀ dé ìgbẹ̀yìn, torí pé JSON yẹn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìsọfúnni fún ẹ̀rọ, ń sú mi.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ta expo, àwọn tó ní ìbéèrè gan-an tó máa jáde wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹnì kan fi lọ̀ mí ní 10,000. Yàtọ̀ sí pé Cisco lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá mú, kí lèèyàn fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe lọ́jọ́ tí bàbá kan bá bi í pé kí ni kò sí?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ògiri tí mo kọ ìṣirò sí.

Láàárín 2023, dọ́là ń gun òkè, mo ń rí i, mo ń sọ pé á sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbójúgbóyà wo ògiri mi. Oṣù mẹ́tàlá ti kọjá, n kò tíì jẹ nínú àjọ náà: 188,500. Lórí ògiri, 36,500 ló kù. Ní ayé gidi, dọ́là 300 ti di 450,000, ohun tó kù sì di 261,500. Mo ti sáré fún oṣù mẹ́tàlá, ibi tí mo ń lọ sì jìnnà ju bó ṣe jìnnà lọ́jọ́ tí mo gbéra. Mo jókòó sílẹ̀. N ò sunkún, ṣùgbọ́n mo pa iná yàrá kí àbúrò mi má bàa rí ojú mi.

Ohun tó yẹ kí n ṣe láti ọjọ́ kìíní, tó sì jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà mí gbé lọ ṣe: tó bá jẹ́ dọ́là ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, dọ́là ni kí ẹ tọ́jú. Bí ẹ bá rí 14,500 lóṣù, ẹ fi ra iye tó bá rà lóṣù náà, kódà kó jẹ́ mẹ́wàá. Òrí tí wọ́n gbé sí oòrùn ni mo ń kó jọ.

Mo ta irin. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mo jèrè: 65,000 ni mo ra gbogbo rẹ̀, 80,000 ni mo tà á. Nínú náírà, èrè 15,000. Nínú dọ́là, 87 di 53. Mo da 80,000 pọ̀ mọ́ ti àjọ, ó di 268,500, mo sì dúró. Ní oṣù kẹrin 2024, náírà mí èémí díẹ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń tà á ní nǹkan bíi 1,200. Lọ́tẹ̀ yìí n ò dúró kó tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Mo ra 223 lọ́jọ́ kan náà. Bí mo ṣe ń gbọ́ pé dọ́là tún ń gòkè padà, ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ku 77. Níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó wà ládùúgbò wa ti gbọ́ pé Àǹtí POS ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Íntánẹ́ẹ̀tì yàrá kọ̀ǹpútà wọn ń ṣe ségesège: kọ̀ǹpútà márùn-ún á ṣiṣẹ́, méje ò ní ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ kejì á yí padà. Ẹni méjì ti wá wò ó, ọ̀kan ní kí wọ́n ra ráútà tuntun. Mo jókòó sí èyí tí kò ṣiṣẹ́, mo kọ ipconfig. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.0.105. Mo lọ sí èyí tó ń ṣiṣẹ́: 192.168.1.23. Ọkàn mi fò sókè. Agboolé méjì nínú ilé kan, ta ló ń fún èkejì ní ojúlé? Mo tẹ̀ lé okùn láti ara swíìṣì, yàrá dé yàrá, mo bá ráútà kékeré kan lábẹ́ tábìlì akọ̀wé. Wọ́n ti gbé e síbẹ̀ tipẹ́ kí ìbúdó okùn lè pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má pín àdírẹ́sì. Kọ̀ǹpútà tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ á gba àdírẹ́sì tí kò dé ibì kankan. Mo pa DHCP rẹ̀. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ní kí n tún okùn yàrá náà ṣe, ìdí méjìlá, fún gbogbo rẹ̀ wọ́n fún mi ní 60,000. Àjọ oṣù mẹ́rin mìíràn jẹ́ 58,000. Pẹ̀lú 118,000 yẹn, ní 1,500, mo ra 78. Mo ní dọ́là 301. Owó tí wọ́n gbà lórí káàdì dọ́là tí mo ṣí, àbúrò mi ló san án, ó ní ẹ̀bùn òun nìyẹn.

Mo ń kánjú, torí pé Cisco ti kéde pé láti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ 2024, ìlànà tuntun, v1.1, ló máa bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ AI kún un, nínú àwọn ètò ìṣàkóso aládàáṣe, wọ́n yọ Puppet àti Chef, wọ́n fi Terraform sí i, ṣùgbọ́n n kò ní agbára láti tún ka nǹkan tuntun lórí dátà òru.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí o. Orúkọ tí ẹ bá fi ṣí àkọọ́lẹ̀ ní Pearson VUE, tó ń ṣètò ìdánwò náà, gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Orúkọ ilé bàbá mi ni mo fi ṣí àkọọ́lẹ̀ ní 2023. Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ìwé ìrìnnà mi. Bí mo bá lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà, dọ́là 300 á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo rí i, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n tún un ṣe. Ìdánwò náà ṣeé ṣe nílé pẹ̀lú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n n kò lè fi iná àdúgbò wa dán 300 wò.

Èkó ni mo ti ṣe é. Mo wọ rélùwéè ní Mọ́níyà lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sọ̀ sí Agége, ọ̀dọ̀ àbúrò Màámi. Ẹ̀fọ́ rírò àti ẹyin díndín ni wọ́n fi gbà mí, wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n ní ohun tí n kò bá tíì mọ̀, kó dúró síbi tó wà.

Nínú gbọ̀ngàn, otútù ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìbéèrè tí ẹ bá ti fi sílẹ̀, ẹ ò lè padà sí i. Ìyẹn ló le jù fún mi, torí pé àṣà tiwa ni ká fo èyí tó le, ká padà wá. Ìbéèrè kẹta tàbí ìkẹrin, mo mọ̀ pé mo ti ṣì í bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo mí kanlẹ̀. Wọ́n fún wa ní pátákó kékeré tó ṣeé nù. Mo kọ 128, 192, 224, 240 sórí rẹ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀, bí ìgbà tí mo bá wà lábẹ́ agbòòrùn. Nígbà tó kan ìbéèrè tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ṣe, tí wọ́n gbé ráútà síwájú ẹni pé kó tún un ṣe, ìka mi mọ ọ̀nà ju mí lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà tí mo parí. Mo rí "pass" lójú ẹ̀rọ, n ò gbà á gbọ́, mo tún un kà.

Màámi ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á wá dá owó rẹ padà?"

Mo ṣì ń ṣe POS. Àbúrò mi ló ń jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday tí mo bá lọ tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kéékèèké, mẹ́rin ni wọ́n báyìí. N ò tíì rí bàbá yẹn mọ́. Ìyá oníṣu ṣì ń bi mí ní ìbéèrè tí n ò lè dáhùn lọ́jọ́ kan náà.

Ìwé ẹ̀rí náà, ọdún mẹ́ta ló ń lò. Ní oṣù keje 2027, mo gbọ́dọ̀ ti kó kírẹ́dítì 30 jọ láti ara ẹ̀kọ́ tí Cisco fọwọ́ sí, tàbí kí n tún ìdánwò ṣe. Dọ́là 300 sọ́nà oṣù 36, mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Alájọ bi mí bóyá kí òun tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 500 fún mi. Mo ní kó máa kọ ọ́ fún owó ilé. Dọ́là mẹ́sàn-án ni mo ń rà ní ọjọ́ kìíní oṣù, iyekíye tí wọ́n bá pè é.